Èébì Oyún Tó Kọjá Àfaradà

Bí aboyún oṣù méjì bá ń bì ní Manigri ní agbègbè Bassila, kò pẹ́ tí ẹnìkan nínú ilé yóò fi sọ pé ibà ni. Ẹlòmíì á ní oyún ló ń ṣe é, yóò lọ. Lóòótọ́, ti ọ̀pọ̀ obìnrin a máa rọlẹ̀ bí oyún bá ti lé lóṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nínú 100 aboyún, bí ẹnìkan sí mẹ́ta wà tí ẹ̀kọ kì í dúró nínú wọn, tí omi pàápàá kì í dúró. Hyperemesis gravidarum ni àwọn dókítà ń pè é.

Kí ló ń fà á? Ibi ọmọ máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ GDF15 sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èròjà náà á sì mú kí ọpọlọ kọ oúnjẹ. Ní December 2023, Marlena Fejzo, Stephen O'Rahilly ti Cambridge àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé obìnrin tí GDF15 kéré lára rẹ̀ kó tó lóyún ló sábà máa ń dà láàmú jù. Ńṣe ló dà bí ẹni tí kò jẹ ata rí tí wọ́n wá gbé ọbẹ̀ aláta ka iwájú rẹ̀. Fejzo pàdánù oyún tirẹ̀ nítorí èébì yìí ní 1999, dókítà rẹ̀ sì rò pé àṣejù ló ń ṣe. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu wa.

Atalẹ̀ lè ran èébì kékeré lọ́wọ́. Kò ká èyí. Bí omi ò bá dúró nínú aboyún láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí agbẹ̀bí gún un níka wo ibà, torí ibà náà a máa múni bì. Kó sì gbé e sórí ìwọ̀n: ẹni tó jẹ́ kílò 60 kó tó lóyún, tó wá di 57, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní kékeré.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, vitamin B1 ara rẹ̀ lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá fa omi ṣúgà sí i lára, ara á fi ìyókù lo ṣúgà náà, ọpọlọ á sì fara gbá a: ojú á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Vitamin B1 ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí omi ṣúgà tó tẹ̀ lé e.

Àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ni wọ́n yẹ̀ wò nínú ìwádìí 2018 tó kọ́kọ́ tọ́ka sí GDF15. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n wádìí tiwa, àfi kí aboyún Bassila yọjú láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, kí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí agbẹ̀bí sì bi í pé: oyún tó ṣáájú ńkọ́? Ẹni tó bá bì bẹ́ẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kó tún ṣe é, oògùn tó ń dá èébì dúró sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú bá kọ́kọ́ ń rú u.