Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Ta Góòlù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ta góòlù, iyùn àti aago olówó ńlá l'Ékòó, ọ̀rọ̀ yín ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹrù tí ẹ dì sínú àpò kan ṣoṣo lè ra ilé, síbẹ̀ inṣọ́ránsì iná lásán ni púpọ̀ nínú yín ní.

1. Ẹ ṣe èyí tó bá iṣẹ́ yín mu. Ọ̀kan wà fún àwa tí à ń ta ọ̀ṣọ́. Jewellers' block ni wọ́n ń pè é. Ó lè tẹ̀lé ọjà dé ojú ọ̀nà, dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kó sì bo ẹ̀gbà ọrùn tí oníbàárà gbé wá fún àtúnṣe. Ẹ má sọ pé séèfù yín nípọn. Ní Hatton Garden ní London, lọ́dún 2015, olè lu ògiri kọnkéré yàrá ìpamọ́ lásìkò Àjíǹde, wọ́n sì kó ẹrù àwọn oníṣòwò lọ.

2. Ẹ má bu iye ọjà kù nítorí kí owó tí ẹ ó san lè dín. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kàgbákò. Ká ní ọjà yín tó mílíọ̀nù 40 náírà, ẹ wá kọ 20 sílẹ̀. Olè gbé ti mílíọ̀nù 10. Ẹ ó máa retí 10, ṣùgbọ́n 5 péré ni ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì lè san, torí ìdajì ọjà ni ẹ dá ààbò bò. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ ní 2023, iye góòlù fò sókè. Ẹni tí kò tún ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ ṣe, ààbò rẹ̀ kò ká ọjà rẹ̀ mọ́, kò sì mọ̀.

3. Ẹ ka ohun tí wọn kò ní san. Ọjà tí ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò láìsí ènìyàn níbẹ̀, èyí tí kò sùn nínú séèfù lóru, èyí tó kàn dín nígbà tí ẹ ka ọjà: nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ẹ̀yin lẹ ó ru àdánù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé fún ẹni tó fi álàátì èké hàn yín. Ti rògbòdìyàn, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2020, bí wọ́n ṣe fọ́ ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó.

4. Ẹ sanwó lásìkò. Òfin inṣọ́ránsì là á mọ́lẹ̀: bí owó kò bá wọlé, kò sí ààbò.

5. Ẹ kọ gbogbo ọjà sílẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọrùn, kárátì 18, gíráàmù 22, ọjọ́ tí ẹ rà á, ẹni tó tà á. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílé, torí iná tó bá jó ṣọ́ọ̀bù yóò jó ìwé inú rẹ̀ náà. Bí olè bá jà, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì létí lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé yín jáde lálẹ́ òní. Bí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá yé yín, ẹ mú un tọ alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ tó ń mójú tó inṣọ́ránsì, lọ lọ́la.