Kónténà, béèlì àti àpò sìmẹ́ńtì: kí oníṣòwò tó ní kí wọ́n gbé e

Lọ́jọ́ Àìkú, Sánńdè, ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2020, kónténà kan já bọ́ láti orí tírélà, ó sì wó lu bọ́ọ̀sì èrò ní Ìlasamájà, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Èèyàn méjì ló bá a lọ. Ṣáájú ìgbà náà, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, irú rẹ̀ ti pa èèyàn mẹ́ta ní afárá Ojúẹlẹ́gbà. Afárá yìí kan náà ni kónténà tún ti wó lu bọ́ọ̀sì nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, èèyàn mẹ́sàn-án ló sì kú lọ́jọ́ náà.

Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, awakọ̀ ni gbogbo ayé máa ń bú. Kò burú, bó bá jẹ̀bi kí wọ́n bú u. Ṣùgbọ́n ọjà tó máa ń wà nínú kónténà kì í ṣe ti awakọ̀. Oníṣòwò kan ló ni ín, tó ti kó owó lé e lórí, tó sì ń retí kó dé ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí oníṣòwò bẹ́ẹ̀ bá ń wá ọkọ̀ tí yóò bá a gbé ẹrù láti wáfù, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: "Èló lẹ máa gbà?" Ìbéèrè kejì wà tí kò yẹ kó gbàgbé: kí ni yóò di kónténà náà mú?

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ kónténà ló ní ihò. Tírélà tí wọ́n dìídì ṣe fún kónténà sì ní irin mẹ́rin tó máa ń wọnú àwọn ihò náà. Twistlock ni wọ́n ń pe irin yìí. Bó bá ti wọlé tán, wọ́n á yí i, orí rẹ̀ á dábùú nínú ihò, kónténà kò sì ní lè gbéra mọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí wọn kò bá yí i, tàbí tí wọ́n gbé kónténà sórí tírélà pẹrẹsẹ tí kò ní irin yìí rárá, kò sí ohun tó dì í mú ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Kónténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 tó ṣófo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 4. Bí ọjà bá kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 30. Bí ọkọ̀ bá sáré yí kọ́nà, tàbí tí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá rì sínú kòtò, ìwúwo tí wọ́n gbójú lé yẹn gan-an ni yóò fà á ṣubú.

Nítorí náà, ẹ ní kí ajẹ́ńtì yín wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọkọ̀ tó kúrò ní wáfù, kó sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn tó ń dá owó jọ gba kónténà kan náà tún ní tiwọn láti ṣọ́ra fún. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lápá kan tí aṣọ sì wà lápá kejì, ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ yóò máa tẹ̀ sí títí yóò fi délé. Àárín ló yẹ kí ohun tó wúwo jù wà, nílẹ̀ pátápátá.

Kí ẹrù dé ilé láyọ̀ kò túmọ̀ sí pé ewu ti tán. Nínú ìrìn àjò, àwọn ọjà ti yẹ̀ kúrò ní ààyè wọn, òmíràn sì ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí yóò ṣí i kò gbọdọ̀ dúró sí iwájú gangan. Ẹ̀gbẹ́ ni kó dúró sí, kó fi ilẹ̀kùn ṣe asà, kó kọ́kọ́ ṣí ti ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀, kó sì yọjú wò ó. Àwọn ọmọ tó ń sáré bọ̀ láti wá já ẹrù, kí wọ́n ní sùúrù lọ́ọ̀ọ́kán ná.

Ibi gbígbé gan-an ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìlò 50. Lọ́jà Aswani ní Ìsọlọ̀, tó máa ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, béèlì òkirikà tó tó kìlò 55 kì í ṣe nǹkan tuntun, orí làwọn alábàárù sì máa ń gbé e sí. Ní ọdún 1967, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ILO, gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé kí ẹrù tí àgbàlagbà ọkùnrin kan yóò dá gbé má ju kìlò 55 lọ. Ìyẹn ni òkè téńté. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, NIOSH, fi tiwọn sí kìlò 23 péré, ìyẹn bó bá jẹ́ pé ẹrù wà ní ìwọ̀n ìbàdí, tó sún mọ́ ara, tí ẹni tó ń gbé e kò sì lọ́ ara. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ hú u, kò tilẹ̀ yẹ kó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí èyí bá rú lójú lè dán an wò nílé. Kó gbé korobá omi kan mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kó na apá rẹ̀ síwájú pẹ̀lú korobá yẹn kan náà. Omi kò lé sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yóò sọ fún un pé nǹkan ti yí padà. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ara tó ni ìnira ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí èèyàn ya ẹsẹ̀, kó tẹ orúnkún dípò kó tẹ ẹ̀yìn, kó fa ẹrù mọ́ra kó tó dìde, bó bá sì fẹ́ yíjú, ẹsẹ̀ ni kó fi yí, kó má fi ìbàdí lọ́.

Ká sòótọ́, kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé àpò ẹ̀wà tó tó kìlò 100 tí yóò dára fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọgbọ́n gbígbé kì í sọ ẹrù di fúlẹ́fúlẹ́. Ohun tó lè gba èèyàn sílẹ̀ ni ọmọlanke, bárò, ẹni kejì tí yóò gbá ìdí rẹ̀ mú, àti pèpéle tó ga dé ìbàdí létí ọkọ̀. Bẹ́líìtì fífẹ̀ táwọn kan ń dè mọ́ ìbàdí ńkọ́? NIOSH yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ẹ̀rí tó tó pé ó ń gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ ìpalára. Owó rẹ̀ yóò wúlò jù bí wọ́n bá fi tún táyà ọmọlanke ṣe.

Bí oníṣòwò ṣe ń sanwó náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sanwó lórí àpò kọ̀ọ̀kan ń rọ ọmọ náà, láìsọ ọ́ lẹ́nu, pé kó gbé méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó sàn kí wọ́n dúnàádúrà gbogbo ọkọ̀ náà pa pọ̀, kí wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa lọ.

Àwọn tó ń fi ẹ̀wọ̀n fa ẹ́ńjìnnì sókè nínú ọgbà mẹkáníìkì kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ẹ̀ka igi tàbí ọparun, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sábẹ́ rẹ̀. Òfin Factories Act ní kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí yẹ irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà.

Ní ti ìkópamọ́, ohun tó wúwo a máa wà nísàlẹ̀, fúlẹ́fúlẹ́ a máa wà lókè. Àpò a máa dábùú ara wọn bí búlọ́ọ̀kù ara ògiri, kì í ṣe kí wọ́n to ọ̀kan ṣánṣán lórí èkejì. Èyí kò ṣòro. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí ni ilé gbígbé tí wọ́n sọ di ilé ìkẹ́rùsí. Ẹnjiníà tó ń ya àwòrán ilé gbígbé máa ń ṣírò pé ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò gba nǹkan bíi kìlò 150 lórí mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóròó, kò ju mítà 13 àti díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ wà fún. Tọ́ọ̀nù 2 jẹ́ àpò ìrẹsì ẹlẹ́kìlò 50 ogójì péré. Ẹni tó bá kó igba àpò síbẹ̀ ti gbé tọ́ọ̀nù 10 lé e, àwọn èèyàn sì lè wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń sùn. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa wà.

Bí ìpalára bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré gbà pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 kan ẹnikẹ́ni tó bá gba èèyàn síṣẹ́. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san ni yóò máa san fún àjọ NSITF; ẹni tí gbogbo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦200,000 yóò san ₦2,000 lóṣù. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá pa òṣìṣẹ́ kan, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni àjọ náà yóò máa san fún wọn lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ ni àwọn ẹbí yóò wá bá ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹni tí òfin yìí sì ń pè ní òṣìṣẹ́ ju ẹni tó ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ lọ. Ó kan ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà, ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tó ń fi orí ru béèlì wọ ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kí béèlì tó ń bọ̀ tó dé.