Bí a ṣe ń di awakọ̀ kíréènì: láti àgbàlá ilé wa ní Ìbàràpá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta láti Igbó-Ọrà lọ sí Èkó yóò kọjá ní Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Bó bá dé Àpápá, yóò rí àwọn kíréènì tó ń kó kọ̀ǹténà jáde nínú ọkọ̀ ojú omi. Èbúté Lẹ́kí náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kẹrin 2023. Gbogbo ibi wọ̀nyí ló ń wá ẹni tó mọ kíréènì wà, ọmọ Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà sì lè wà lára wọn. A ò ní í kọ́kọ́ lọ sí Èkó o. Àgbàlá ilé la ti máa bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa wọn ẹrù. Ká pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10. Omi náà jẹ́ kìlógíráàmù 10. Ká gbé e mọ́ àyà: kò ni wá lára. Ká wá na apá síwájú gbọọrọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Láìpẹ́, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara á máa fà síwájú bí ẹni fẹ́ ṣubú. Omi ò pọ̀ sí i; ìjìnnà ló pọ̀ sí i. Bí kíréènì ṣe ń dojú dé náà nìyẹn. Ẹ má gbàgbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, torí òun la ó máa padà sí.

2. Ká yan irú kíréènì tí a fẹ́ kọ́. Híábù ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ní apá irin lẹ́yìn orí rẹ̀. Òun ló ń gbé tiransifọ́mà àti jẹnẹrétọ̀ wọ ìlú. Èyí tó tóbi jù ú lọ, tó ń fi táyà rìn, la ń rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá. Èyí tó dúró gangan bí òpó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gogoro. Híábù ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹrù rẹ̀ kéré, ó sì wà nítòsí.

3. Ká yẹ ara àti ìwé wa wò. Ká ti pé ọmọ ọdún 18. Kí ojú ríran jìnnà, kí etí gbọ́ràn. Bí òòyì bá ń kọ́ wa tí a bá wo ilẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, híábù dára fún wa ju kíréènì olókè gíga lọ. A nílò ìwé ẹ̀rí girama, torí a ó máa ka ìwé ẹ̀rọ, a ó sì máa ṣe ìṣirò. A tún nílò ìwé ìwakọ̀ tó bá ọkọ̀ ńlá mu.

4. Ká kọ́ bí a ṣe ń di ẹrù kí a tó wọ kábíìnì. Ká wà lọ́dọ̀ rígà, ẹni tó ń so ẹrù mọ́ ìkọ́, fún oṣù bíi mẹ́fà. Ká ní a fi sílíǹgì méjì, okùn tí a fi ń so ẹrù mọ́ ìkọ́, gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 2. Bí méjèèjì bá dúró ṣánṣán, tọ́ọ̀nù 1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé. Bí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ títí tí igun àárín sílíǹgì àti orí ẹrù fi di 60°, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.15. Bó bá wálẹ̀ sí 30°, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé tọ́ọ̀nù 2 odidi! Ká máa wò ó dáadáa: sílíǹgì tó ti já fọ́nrán, tàbí tí kò ní àmì ìwọ̀n tó lè gbé, kò yẹ ní lílò.

5. Ká kọ́ ṣáàtì ẹrù ní àkàyé. Gbogbo kíréènì ló ní tirẹ̀, tó ń sọ ìwọ̀n tó lè gbé ní ìjìnnà kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé ṣáàtì ní kíréènì wa lè gbé tọ́ọ̀nù 6 ní mítà 10, àti tọ́ọ̀nù 3.5 ní mítà 14. Ẹrù wa jẹ́ tọ́ọ̀nù 4.5, ìkọ́ àti sílíǹgì jẹ́ kìlógíráàmù 400, a gbọ́dọ̀ rò wọ́n mọ́ ọn. Ó di tọ́ọ̀nù 4.9. Ní mítà 10, a lè gbé e. Bí a bá na apá dé mítà 14, a ti wà nínú ewu. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wa nìyẹn.

6. Ká yẹ ilẹ̀ wò, ká sì wòkè. Ilẹ̀ tó ti mu omi òjò máa ń rì. Ká bèèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ṣalángá àtijọ́ tàbí sọkawéè wà nísàlẹ̀. Ká na gbogbo jáàkì, ẹsẹ̀ irin tó ń mú kíréènì dúró, tán pátápátá, ká sì fi pákó tó nípọn, tó fẹ̀, sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lókè, wáyà iná 11 kV àti 33 kV ló ń gba ìgboro kọjá: mítà 3 ni ìjìnnà tó kéré jù, mítà 6 ló fini lọ́kàn balẹ̀.

7. Ká gba àmì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè tó ń yí i, gbé e sókè. Bó bá dà á kọ ilẹ̀ tó ń yí i, sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá na apá, tó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọ ilẹ̀, dúró. Ẹnikẹ́ni ló lè pàṣẹ ìdúró, ọmọ iṣẹ́ ni o, ọlọ́jà tó ń kọjá ni o.

8. Ká gbé ẹrù náà pẹ̀lú sùúrù. Ká gbé e kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ká dúró. Ṣé bíréèkì mú un? Ṣé jáàkì kankan ń rì? Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ká wá máa gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba abẹ́ ẹrù tó so kọ́ kọjá. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjá ohun tí ìwé ẹ̀rọ sọ, ká dáwọ́ dúró.

9. Ká gba ìwé ẹ̀rí, ká sì kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀. ITF, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971 fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn nípa ilé ẹ̀kọ́ tó ṣeé gbára lé. Ẹni tó bá ní òun á ta ìwé ẹ̀rí fún wa láìjókòó sórí kíréènì, ká sá fún un. Ká ní ìwé kékeré kan tí a ó máa kọ wákàtí wa sí: ọjọ́, irú kíréènì, ìwọ̀n ẹrù, orúkọ ọ̀gá tó buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan á ní, "Gbé e bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣe." Bí ṣáàtì bá ní rárá, ká pa ẹ̀rọ, ká sọ̀kalẹ̀, ká sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò ṣeé gbé. Ó lè lé wa níṣẹ́. Iṣẹ́ mìíràn ń bẹ. Ẹ lọ pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí.