Kí Ni Mo Ní Tí Mo Fẹ́ Gbé Lọ Fún Wọn?

ÌBÉÈRÈ

Samaru ní Zaria ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi. Mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ABU, mo ti sin ìlú tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nítòsí ilé wa. Mo gbọ́ nípa ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní TAC, tó máa ń rán ọmọ Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún méjì. Gámbíà ló wù mí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní nọ́ọ̀sì kò tó nílé, kí ló dé tí mo fẹ́ lọ máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rẹ́ mi náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àwọn òyìnbó ló ń wá ran àwa lọ́wọ́, ta ni èmi fẹ́ ràn? N kò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kí ni mo ní tí mo fẹ́ gbé lọ fún wọn? Kí ni èmi náà yóò sì rí kọ́ níbẹ̀?

Ọmọ yín ní Samaru

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló rọrùn jù.

Láti ọdún 1987 ni Nàìjíríà ti ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lábẹ́ TAC. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ìjọba Babangida ló wà lórí àlééfà. Èrò wọn ni pé dípò kí a máa gbé owó fún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jẹ́ arákùnrin wa, kí a rán àwọn tó mọ iṣẹ́ sí wọn. Dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà ti lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ti lọ sí erékùṣù Kàríbíánì bíi Jàmáíkà, wọ́n sì ti dé Fíjì lọ́hùn-ún nínú òkun Pàsífíìkì. Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ òṣìṣẹ́ ló máa ń sọ irú ẹni tí òun ń wá. Tí o bá lọ, wọ́n bèèrè rẹ ni.

Àwọn òyìnbó pàápàá kọ́ ẹ̀kọ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló yẹ kí a rán. Nígbà tí Alec Dickson dá ẹgbẹ́ VSO, tó ń rán olùyọ̀ǹda lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni wọ́n ń rán lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà sí àwọn tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, torí inú rere nìkan kò lè gbẹ̀bí, kò sì lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

Ìwọ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. O sì ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò ní. Ní Samaru, àárín èdè ẹlòmíràn lo dàgbà sí. O mọ bí a ṣe ń kí ìyá àgbàlagbà ní Hausa kí a tó bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. O mọ ìgbà tí aláboyún dákẹ́ nítorí ìtìjú, o mọ ìgbà tó dákẹ́ torí pé ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. O ti ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí iná lọ, tí abẹ́rẹ́ sì kù díẹ̀. Gbogbo èyí wúlò ní Gámbíà.

Ní ti ohun tí ìwọ yóò kọ́, jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ lọ. Margery Michelmore, ọmọ ọdún 23, wà lára àwọn olùyọ̀ǹda Peace Corps àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà rán wá sí Nàìjíríà. Ìbàdàn, ní yunifásítì, ni wọ́n kó wọn sí láti kọ́ wọn kí wọ́n tó pín wọn káàkiri. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lórí káàdì pélébé tí a kì í fi sínú àpò ìwé. Ó ní ìdọ̀tí àti ìnira tí àwọn ará ìlú ń gbé nínú rẹ̀ ya òun lẹ́nu, pé ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì náà bọ́ sọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n pín in, ọgbà yunifásítì sì gbóná janjan. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé.

Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Kì í ṣe ìkà, kò sì purọ́ nípa ohun tó rí. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ nílùú tó láti bá ìyá olóúnjẹ ẹ̀bá títì sọ̀rọ̀, kó mọ iye ọmọ tí ìkòkò yẹn ń rán ní ilé ìwé. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó mọ ìdí rẹ̀. Fóònù ni tìrẹ lónìí, ó sì burú ju káàdì lọ, torí kò ní sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. Má ya àwòrán aláìsàn. Má gbé ọmọ ọlọ́mọ tí imú rẹ̀ ń ṣàn sórí WhatsApp kí àwọn ará ilé lè mọ̀ pé o ń ṣiṣẹ́ rere. Bi ara rẹ bóyá wàá fẹ́ kí wọ́n ya ìyá tìrẹ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní Gámbíà, abọ́ ńlá kan ni gbogbo ilé máa ń jókòó yí ká. Iwájú rẹ ni wàá ti jẹ, o kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí iwájú ẹlòmíràn. Àwọn onílé ni yóò ya ẹja síwájú àlejò. Mandinka, Wolof àti Fulani ni wàá bá níbẹ̀, nítorí náà Hausa rẹ kò ní gbé ọ jìnnà. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn kí o tó kọ́ nǹkan mìíràn. Wàá tún bá àwọn Aku ní Banjul, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Sàró kí àwọn kan tó ré kọjá lọ sí Gámbíà.

Ẹ̀kọ́ tó le jù kò sí nínú oúnjẹ tàbí ìkíni. Wàá bá òṣìṣẹ́ ìlera abúlé kan tí kò dé yunifásítì, òun ló sì mọ ilé tí ọmọ kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìyá ọkọ tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Dígírì rẹ yóò fẹ́ gbé ọ ga ju ẹni yẹn lọ. Má gbà fún un. Tẹ̀ lé e rìn, kí o máa bèèrè. Nígbà tó bá yá, kọ́ ọ ní ohun tí o mọ̀ tí òun kò mọ̀, kí ó lè máa ṣe é nígbà tí o bá ti lọ. A ti rí ẹ̀rọ omi ọlọ́wọ́ tí àlejò gbé wá sí abúlé wa, tó bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lọ, tí kò sì sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Má fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ó ku bàbá rẹ. Òótọ́ ló sọ: nọ́ọ̀sì kò tó, àwọn tó dára ń lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní padà. Má bá a jiyàn lórí èyí. Sọ fún un pé ọdún méjì ni TAC, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ padà wá ṣe ní Zaria lẹ́yìn rẹ̀. Bí o kò bá ní èsì sí èyí, má tíì kọ fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ pé owó oṣù kékeré lo ń sá fún, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n pè é ní orúkọ rẹ̀, kí o sì wá iṣẹ́ tó san jù. O lè rán bàbá létí pé Yakubu Gowon, tí ìjọba rẹ̀ dá NYSC, ètò àgùnbánirọ̀, sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973, Wusasa ní Zaria níbẹ̀ ló dàgbà sí. Ìdí tó fi fẹ́ kí ọmọ Ọ̀fà lọ sin Sókótó, kí ọmọ Sókótó sì lọ sin Ọ̀wẹrì, kì í ṣe pé iṣẹ́ tán nílé wọn.

Má san owó fún aṣojú kankan tó bá ní òun ń ta fọ́ọ̀mù TAC. Iléeṣẹ́ náà wà ní Àbújá, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Bi wọ́n pé irú ilé ìwòsàn wo ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ sí, ta ni ọ̀gá rẹ níbẹ̀, ta ni yóò pèsè ilé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tọ́jú káàdì rẹ̀. Bí bàbá rẹ bá gbà, ní kí ó bá ọ lọ sí Àbújá lọ́jọ́ náà, kí òun fúnra rẹ̀ bi wọ́n ní gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù.