Eegun Ni, Kì í Ṣe Eégún

Ìwé pélébé kan ló dá ẹ̀rín sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Peckham, àdúgbò London tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Èkó Kékeré. Ilé ìtọ́jú chiropractic kan ló bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ wa kan pé kó tú ìpolówó àwọn sí Yorùbá. Ohun tó kọ rèé: "Ìtọ́jú eégún jẹ́jẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti mọ̀lẹ́bí." Màmá àgbàlagbà kan tí irun wọn wà lọ́wọ́ onídìrí gbé awò sójú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní: "Ẹ gbà mí o! Ṣé eégún náà ti wá ń ṣàìsàn ní Ìlú Ọba ni?"

Àmì ohùn òkè méjì péré ló sọ olùtọ́jú di alágbàá. Egungun, tàbí eegun, tó wà lóhùn àárín látòkè délẹ̀, ni ti inú ara. Egúngún, tàbí eégún, ni ará ọ̀run. Ẹni tó kọ ọ́ láìfi àmì sí i rárá kò sàn ju ọmọkùnrin yìí lọ, òǹkàwé ló fi í sílẹ̀ fún kó máa méfò.

"Jẹ́jẹ́" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ìwà ẹni tàbí ìrìn ẹni la sábà máa ń fi í júwe: ó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó fẹ́ kan ibi tó ń dunni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń kàn án. Bí wọ́n bá sì ń fi omi gbígbóná jó wa lẹ́yìn, "Ẹ rọra!" là ń ké, a kì í ké "Ẹ jẹ́jẹ́!" Mọ̀lẹ́bí náà ti gbòòrò jù. Baba, ìyá àti ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé kan ni ìdílé. Bí ilé ìtọ́jú bá lóun fẹ́ gba mọ̀lẹ́bí Yorùbá kan lálejò, àfi kó lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí wá ni ká máa pe oníṣẹ́ chiropractic yìí? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ni Daniel David Palmer ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́dún 1895. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ọ̀kan ni ọwọ́, èkejì ni ṣíṣe. Eegun 24 ló ń mira nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa: 7 ní ọrùn, 12 níbi tí eegun ìhà so mọ́, 5 ní ìbàdí. Oríkèé tó wà láàárín wọn ni oníṣẹ́ yìí ń fọwọ́ tẹ̀, tó ń nà, tó sì ń yí. Bí ó bá dún kọ́, eegun kò kán o. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló dún, bí ìka tí a fà. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba agbára, àwọn kan kì í jẹ́ kó dún rárá: wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n lo irinṣẹ́ kékeré tó ń ta pẹ́, pẹ́, pẹ́.

Nítorí náà, a kò lè pè é ní ato-eegun. Àwọn baba wa tó ń fi ọparun di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ló ni orúkọ yẹn. Oníṣègùn eegun ni dókítà tó ń fọ̀bẹ ṣiṣẹ́ abẹ ní ọsibítù. Mo ti gbọ́ "atúnẹ̀yìnṣe" náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kì í ṣe mọ́tò. "Afọwọ́tẹ̀yìn" ló tẹ́ mi lọ́rùn: ọwọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí ẹ̀yìn náà kò sì fara sin.

Ibi tí èdè wa ti ní ọrọ̀ jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. "Ẹ̀yìn ń dùn mí" kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé ó ń ro yín ni, bíi ti ẹni tó roko lánàá? Ṣé ó le, tí ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀? Afọwọ́tẹ̀yìn lè ṣèrànwọ́ níbẹ̀. Àbí ó ń ta yín láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀? Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Èjìká tó yẹ̀ ti kúrò ní ihò rẹ̀. Eegun tó ṣẹ́ tàbí tó kán ti di méjì: ọsibítù ló ni méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ bá sì kú, tàbí tí ìtọ̀ ń bọ́ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ sáré lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọrọ̀ yìí kò dé: iṣan. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni iṣan, okùn tó so ẹran mọ́ eegun ni iṣan, èyí tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ náà, iṣan ni. Bí ẹ bá ní "iṣan ló ń dà mí láàmú," ọmọ tó ń ṣe ògbufọ̀ fún yín kò ní mọ èyí tó máa mú. Ẹ fi ìka tọ́ka síbẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó ń ṣe.

Palmer gbà pé ọ̀pá ẹ̀yìn ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò tì í lẹ́yìn. Ẹ̀yìn dídùn ni ìwádìí sọ pé ọwọ́ àwọn afọwọ́tẹ̀yìn lè dín kù, torí náà ẹ má gbé ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tọ̀ wọ́n lọ. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1994 kò gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé General Chiropractic Council láyè láti pe ara rẹ̀ ní chiropractor. Ẹ béèrè kí ẹ tó dọ̀bálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Bí mo ṣe tún ìwé náà kọ rèé: "Ìtọ́jú ẹ̀yìn àti oríkèé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìdílé." Ẹ̀yin tí ẹ ń tú ìpolówó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ní oríkèé tirẹ̀. Bí ó bá yẹ̀, gbogbo ayé ló máa rí i.