Kí O Tó Fọwọ́ Síwèé Ṣọ́ọ̀bù Náà

Àdùkẹ́ mi,

Inú mi dùn pé oúnjẹ òde àríyá tí ò ń sè ní Atlanta ti gbilẹ̀ débi pé o fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: má tíì fọwọ́ síwèé onílé. Kọ́kọ́ lọ rí àwọn Small Business Development Center ti Yunifásítì Georgia, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SBDC.

Iṣẹ́ wọn ni láti máa gba oníṣòwò kékeré nímọ̀ràn. Ní 1977 ni ti Georgia bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ Jimmy Carter, ọmọ Georgia tó ti ṣòwò ẹ̀pà rí, ló fọwọ́ sí òfin tó fìdí ètò náà múlẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ní 1980. Ìjọba ló ń ná owó sí i, nítorí náà wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá jókòó bèèrè ìmọ̀ràn.

Má retí owó lọ́wọ́ wọn o, wọn kì í yáni lówó. Ìbéèrè ni wọ́n máa bi ọ́. Èló ni tíréè jọ́lọ́ọ̀fù kan ń ná ọ, tí o bá ka gáàsì, epo ọkọ̀ àti òógùn ara rẹ mọ́ ọn? Mo mọ̀ pé àpò kan náà ni owó ilé àti owó òwò rẹ ń wọ̀. Yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì máa tọ́jú rìsíìtì. Àjọ tí ẹ̀ ń dá ní ṣọ́ọ̀ṣì dára, òun ló ra àwọn ìkòkò ńlá rẹ, ṣùgbọ́n báńkì tí o bá fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ ò rí àjọ. Bó ti wù kí o máa san tìrẹ déédéé tó, wọn ò lè mọ̀. Ìwé ìṣirò ni wọ́n máa bèèrè, àwọn SBDC á sì bá ọ tò ó títí á fi ṣeé gbé síwájú báńkì.

Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ kí ará ìta mọ iye tó ń wọlé fún wa. Ayé le lóòótọ́. Síbẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kí wọ́n sọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì oníbàárà fún ẹlòmíì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan gbèsè. Èyí tí o bá fi pamọ́ ni wọn ò ní lè bá ọ wá ojútùú sí.

Bi wọ́n nípa ìwé àṣẹ pẹ̀lú. Òfin ò gbà kí o máa se ìrẹsì àti ẹran tà láti ilé ìdáná inú ilé rẹ, àwọn elétò ìlera káúńtì sì gbọ́dọ̀ yẹ ilé ìdáná ṣọ́ọ̀bù wò kí o tó lè dáná níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló yẹ fún oúnjẹ, onílé tó ń wá ayálégbé sì lè má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Bí o bá ti fọwọ́ síwèé ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, owó ilé á máa wà lọ́rùn rẹ, iná ò sì ní jó lábẹ́ ìkòkò. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn.

Tí àwọn SBDC bá ti fún ọ lọ́jọ́, pè mí. Màá wá bá ọ mójú tó àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àǹtí Bọ́lá