Ọ̀dà Dúdú Lórí Irin Dídán

Ní ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tí ì pọ̀ ní ilẹ̀ wa, dídán irin ara rẹ̀ jẹ́ ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí. Bọ́ńpà rẹ̀ a máa kọ mànà bí dígí, àmì orúkọ rẹ̀ a sì máa tàn nínú oòrùn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń fi ọ̀dà dúdú kun àwọn irin wọ̀nyí, tí wọ́n sì kà á sí oge. Àṣà náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi kírómíọ̀mù ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ara ọkọ̀ mọ́, nítorí pé ó wúlò fún ohun ìjà. Ọ̀dà ni wọ́n fi kun ibi tí ó yẹ kí ó máa dán. Àìní ni ó mú wọn ṣe é nígbà náà; oge ni ó mú wa ṣe é nísinsìnyí. Oge kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, ń gbé ní Eko Ende, ìlú tí ìsédò kan wà lórí odò Ọtìn, ní agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Ó ní ọkọ̀ Volkswagen kan, irú èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ náà pọ̀ ní ìlú Èkó, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Bàbá fi owó iṣẹ́ olùkọ́ ra tirẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó láti máa fọ̀ ọ́, bọ́ńpà rẹ̀ ti ń bó, ìpẹtà sì ti ń yọ jáde bí èéyi.

Ní ọjọ́ kan nígbà ìsinmi, mo ra agolo ọ̀dà dúdú tí a ń fín ní Ìkìrun. Mo fi àkísà nu bọ́ńpà náà, mo sì fín ọ̀dà sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dúdú minimini. Bàbá wò ó, ó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ṣé o yẹ abẹ́ rẹ̀ wò?"

Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo yẹ̀ ẹ́ wò." Èmi kò yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Nígbà tí òjò dé, ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí awọ ejò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti ń ti Ìkìrun bọ̀, bọ́ńpà ẹ̀yìn já sí ojú títì. Ọlọ́kadà kan tí ó gbé ọmọ sẹ́yìn ń bọ̀ lẹ́yìn wa; ó ya wọ inú koríko kí ó má baà gùn ún. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì gbé bọ́ńpà náà sókè. Ìpẹtà ti jẹ apá irin tí ó gbé e dúró tán, ọ̀dà mi sì bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "A kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá."

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ́ iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ. Kírómíọ̀mù jẹ́ irin tí Vauquelin, ará Faransé, ṣàwárí ní ọdún 1797. Kì í ṣe òun ni gbogbo bọ́ńpà. Irin lásán ni ó wà nísàlẹ̀, níkẹ́lì ni ó tẹ̀ lé e, kírómíọ̀mù ni ó wà lókè pátápátá, kò sì nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Bí omi bá gba ojú sísán wọlé, irin ìsàlẹ̀ a dípẹtà, ìpẹtà náà a wú, a sì ti èyí tí ó wà lókè dànù. Ọ̀dà kì í wo ìpẹtà sàn. Ó kàn ń fi í pamọ́ ni.

Ọ̀dà kì í sì í mú dáadáa lára ohun tí ó ń yọ̀. Ẹ wo àwọn aláró Òṣogbo: wọn kì í ti aṣọ tí epo wà lára rẹ̀ bọ inú aró, nítorí pé aró kò ní mú un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin dídán rí.

Nítorí náà, kọ́kọ́ mọ ohun tí o fẹ́ kùn. Fi òòfà kàn án. Bí òòfà bá fà á, irin ni. Bí kò bá fà á, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí ike, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tiwọn sì yàtọ̀. Tú bọ́ńpà sílẹ̀ kí o lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí apá tí ó gbé e dúró bá ti jẹrà, ọ̀dọ̀ aláàjò irin ni kí o gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọlọ́dà.

Lẹ́yìn èyí, fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí ojú irin yóò fi mọ́. Fi sánpépà 400 àti omi fá a títí dídán rẹ̀ yóò fi pòórá, kí o tún fi 600 tẹ̀ lé e. Bí nọ́mbà bá ti tóbi tó ni sánpépà ń kúnná tó. Fi tínà nù ún, kí o má sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, nítorí òróró ọwọ́. Fi téèpù àti ìwé ìròyìn bo ibi tí o kò fẹ́ kùn.

Fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ kí o tó fín dúdú. Jẹ́ kí agolo jìnnà tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tí ó nípọn lọ. Jẹ́ kí èyí tí o ti fín gbẹ díẹ̀ kí o tó fín òmíràn. Ọ̀rinrin ìgbà òjò lè sọ ọ̀dà di funfun bí ẹfun, eruku ọyẹ́ a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà yan òwúrọ̀ tí kò sí afẹ́fẹ́, kí o sì wọ́n omi sí ilẹ̀. Bo imú rẹ, má sì ṣe é nítòsí iná.

Ní ti àmì orúkọ, ti Ìjàpá ní ẹsẹ̀ tí ó wọ inú ihò. Ìta ni a ó ti kùn ún bí a kò bá lè tú u. Àtè ni wọ́n fi lẹ ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìwòyí. Omi gbígbóná àti okùn ìpẹja ni a fi ń yọ ọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. Má ṣe kun iná ọkọ̀ tàbí nọ́mbà rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ pa àwọ̀ gbogbo ara ọkọ̀ dà, ó yẹ kí ìwé ọkọ̀ náà yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún bọ́ńpà náà ṣe, lẹ́yìn tí aláàjò irin ti jó apá tuntun mọ́ ọn. Nígbà tí mo parí, Bàbá tún bi mí ní ìbéèrè ti àkọ́kọ́. Mo dojú bọ́ńpà náà dé, mo sì fi abẹ́ rẹ̀ hàn án.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí bọ́ńpà Bàbá Tíṣà já?
2. Ṣàlàyé ìdí tí òǹkọ̀wé fi mẹ́nu kan àwọn aláró Òṣogbo.
3. Báwo ni òwe tí Bàbá pa ṣe bá ọ̀rọ̀ náà mu?
4. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ kan tí o fi ìkánjú ṣe, tí o sì tún padà ṣe.